Ẹ Má Yọ Ìyá Ìkòyí, Ẹ Má sì Pàtẹ́wọ́ fún Un

Sí ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò eré ìtàgé ọjọ́ ìlú, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àbúrò mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ̀ pé kò bójú mu kí ènìyàn máa kọ lẹ́tà ìta gbangba sí àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, pàápàá Bàbá Alága tó jẹ́ pé ilé wọn la ti ń jẹ ìrẹsì lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ síta kí èmi náà tó bá a jáde. Fídíò rìhásà ọjọ́ Sátidé ti dé orí fóònù gbogbo ayé. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni ọmọ ọmọ mi gbé tirẹ̀ wá sí mi lójú: "Màmá, ẹ wo eré yín." Mo wò ó. Ìyá Ìkòyí dìde lórí àpótí, ó ju ọwọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Fúlàní kan ò ní fẹnu kan omi mi títí ilẹ̀ ó fi gbé mi mì." Ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn bá pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan súfèé. Ẹnì kan pariwo pé, "Màmá, ẹ tún un sọ!" Ọmọbìnrin tó ń ṣe Ìyá Ìkòyí, tí ẹ̀bùn rẹ̀ pọ̀ ju owó tí a ń fún un lọ, rẹ́rìn-ín, ó sì tún un sọ.

Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a pàdé lọ́jọ́ Ajé, ẹ pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a yọ Ìyá Ìkòyí dànù, pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á dá wàhálà sílẹ̀, pé àwọn ará Sábó ń bọ̀ wá wòran, pé àwọn àlejò wa láti Ìlọrin ló máa jókòó níwájú. Àwọn yòókù ní kò sí ibi tó ń lọ, kódà kí a fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀, òótọ́ ló ń sọ, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ kó dí etí. Mo jókòó, mo ń gbọ́ tọ̀tún tòsì. Mo rí i pé ẹ̀yin méjèèjì ò jìnnà síra yín rárá. Gbogbo yín lẹ gbà pé ohun tó bá ti ẹnu Ìyá Ìkòyí jáde, eré náà ló sọ ọ́. Bí ọmọ bá ń ṣàárẹ̀, tó ń sọ̀sọkúsọ lórí ẹní, ṣé ìyá rẹ̀ á lé e síta ni, tàbí á máa pàtẹ́wọ́ fún un?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí obìnrin yìí.

Ìyá ìyá mi kì í jẹ wàrà. Ní Òkèlérìn, nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá Fúlàní kan máa ń gbé wàrà wá sí ojúde wa ní ọjọ́ ọjà. Ìyá ìyá mi ló máa ń bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Á gbé àpótí fún un, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dun àwọn méjèèjì. Ìyá oníwàrà náà ló kọ́ mi pé ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú kí wàrà dì. Ṣùgbọ́n bó bá gé ẹyọ kan lé ìyá ìyá mi lọ́wọ́, "Ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú" ni, á sì nà án sí àwa ọmọdé. Kò kan ẹnu rẹ̀ rí. Igbá kan sì wà lára ògiri, tó dá wà, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́dọ̀ fi mu omi. Ti oníwàrà ni. Bó bá dé, wọ́n á bu omi fún un nínú rẹ̀; bó bá lọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e padà sára ògiri.

Mo rò pé ọlá ni. Ọdún púpọ̀ ni mo fi rò pé wọ́n fẹ́ràn ìyá náà débi tí wọ́n fi ya igbá sọ́tọ̀ fún un nínú ilé, ìgbà tí àwa ọmọ onílé ò ní igbá tiwa.

Mo ti dàgbà kí n tó bi í. Ó ní, "Wọ́n kó wa." Mo ní, "Ta ló kó yín, Màmá?" Ó ní, "Wọ́n kó wa ṣá." Kò sẹ́ni tó kó o. Wọn ò kó ìyá rẹ̀ náà. Ẹni tó sá dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìgbọnsẹ̀ màlúù lẹ́sẹ̀ àti ọmọ kan ṣoṣo lẹ́yìn, nínú mẹ́ta tó bí, ìyá àgbà tiẹ̀ nìyẹn. Igbá tó dá wà ló jogún lọ́dọ̀ wọn. Ìyá ìyá mi kọ wàrà, kò sì kọ oníwàrà, títí ó fi kú kò rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ò bára mu. Nígbà tí ìyá oníwàrà ò wá fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló rán mi lọ sí gáà tí àwọn Fúlàní ń gbé, láti lọ béèrè àlàáfíà rẹ̀.

Òun ni Ìyá Ìkòyí. Mo kàn tì í padà sẹ́yìn ni, sí nǹkan bí ọdún 1840, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro tí Aláàfin Àtìbà ti tẹ̀dó sí Àgọ́-Ọjà, ibi tí a ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí. Ògbómọ̀ṣọ́ ò fọ́ ní tiẹ̀. Àwọn tí ìlú wọn fọ́ ló ya wọ inú ìlú wa, Ìkòyí wà lára wọn, odi wa ló dáàbò bò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, bí ẹ bá bi ìdílé yín dáadáa, ẹnu odi yẹn lẹ gbà wọlé. Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí Ṣọ̀ún Ògúnlọlá fúnra wọn, tí àwọn àgbà ń sọ pé ọ̀nà Ìbàrìbá ni wọ́n gbà wá.

Ẹ ka àdánù obìnrin náà kí ẹ tó bá a wí. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ẹ̀ṣọ́, àwọn jagunjagun tí kì í gbọfà lẹ́yìn. Iwájú ló fi gbà á, ó kú síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kékeré kú nígbà ogun Mùgbámùgbá. Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi pe ogun yẹn bẹ́ẹ̀: àsìkò tí irúgbá so ni, oko ti bàjẹ́, kò sí àgbàdo, kò sí iṣu, èso irúgbá ni àwọn ènìyàn ń jẹ. Ọmọ náà kú tòun ti lẹ́búlẹ́bú irúgbá lẹ́nu, ètè rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ìkòyí ò fi irú sọ́bẹ̀ mọ́. Mo kọ ọ́ sínú eré pé bí àwọn obìnrin agbolé bá ń se irú, á kó àpótí rẹ̀ jáde lọ sábẹ́ igi. Ẹ ti yọ ìyẹn náà, ẹ ní kò sí ẹni tó máa yé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́! Níbi tó jẹ́ pé bí aládùúgbò bá ń se irú, gbogbo òpópónà ló ń bá a gbọ́ òórùn rẹ̀!

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, Àdùkẹ́, òun ni wọ́n so lókùn lọ. Kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Obìnrin tí èyí ṣẹlẹ̀ sí, tí ó bá sọ pé òun ò fẹ́ rí Fúlàní, èmi ò ní bá a jà. N ò sì ní bá yín purọ́ pé Fúlàní ò sí nínú ogun náà. Àwọn ọmọ Àlímì, àlùfáà Fúlàní, ló jọba ní Ìlọrin, ogun wọn ló sì tú ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹni tó bá ní kí a sọ ìyẹn di àwàdà kí inú àlejò lè dùn, ó ń tún Àdùkẹ́ so lókùn lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n ẹ gé Ìran Kẹrin. Ẹ ní àsìkò ò ní tó, pé àwọn olóyè mẹ́fà fẹ́ sọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Ìran Kẹrin yẹn ni gbogbo eré. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ̀bi yín ni pé àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn pàtẹ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀bi tiwọn.

Lálẹ́, nínú Ìran Kẹrin, Ìyá Ìkòyí ò rí oorun sùn. Ọmọ agbolé kan, ọmọdé lásán, bi í pé, "Ìyá, báwo ni Fúlàní náà ṣe rí?" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ẹni tó so Àdùkẹ́ lọ́wọ́, ó ní, ilà àbàjà àwọn Ọ̀yọ́ wà lójú rẹ̀, ó sì sọ fún Àdùkẹ́ pé, "Dìde, arábìnrin, má jẹ̀ẹ́ kí n lù ọ́." Ohùn Ọ̀yọ́ gidi ni. Ẹni tó ti iná bọ orí ilé, ó mọ̀ ọ́n. Gàm̀bàrí ilé wọn ni, ẹrú ọkọ rẹ̀, tó máa ń hun okùn lábẹ́ igi òdán, tó sá lọ bá Àfọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́ tó wà ní Ìlọrin, nígbà tó gbọ́ pé ẹrú tó bá ti dé Ìlọrin ti bọ́. Okùn tí wọ́n fi so Àdùkẹ́, ó mọ hunhun rẹ̀. Okùn ilé wọn ni. Ibẹ̀ ló ti dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ọkùnrin kan wà lókèèrè lórí ẹṣin, láwàní bo ojú rẹ̀. Ọmọdé náà ní, "Òun wá ni Fúlàní?" Ìyá Ìkòyí ní, "Òun ni." Ọmọdé náà ní, "Ẹ rójú rẹ̀?"

Kò dáhùn.

Ẹni tí kò rí ojú rẹ̀ ló di gbogbo ẹ̀bi náà rù. Ẹ rò ó wò. Bó bá sọ pé alábàjà ló so ọmọ òun, ilé alábàjà ló ń sùn. Àwọn ló fún un ní yàrá, àwọn ló fún un ní ọkà. Lójoojúmọ́ ló ń rí ojú tó jọ ojú yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá sọ ti ẹrú tó ń hun okùn, wọ́n á bi í pé kí ni ẹ fi ṣe é tó fi padà wá fi iná sí ilé yín. Ó mọ ìdáhùn, kò sì fẹ́ kí wọ́n bi òun. Ẹlẹ́ṣin ojú bíbò nìkan ló ṣeé kórìíra láìsí pé ó jẹ ẹ́ níyà nínú ilé tó ń gbé. Ohun tí mo fẹ́ kí olùwòran rí nìyẹn, kí ó sì gún un díẹ̀ láyà, kó tó lọ rántí ẹlẹ́ṣin tirẹ̀.

Àwọn kan á ní mo hùmọ̀ rẹ̀ ni, kí n lè ti ẹ̀bi sára àwa fúnra wa. Àjàyí, tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther nígbà tó yá, ọmọdékùnrin ni nígbà tí wọ́n mú un ní Òṣogùn ní 1821, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837 ló ti ka àwọn tó ń ja ogun náà: ó ní àwọn Ọ̀yọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú Fúlàní, pẹ̀lú àwọn ẹrú ilẹ̀ òkèèrè tó sá fún olówó wọn. Oríṣi mẹ́ta ló kà, ẹni tí okùn ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni má sì sáré gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sórí Mùsùlùmí báyìí o. Alhaji wa tó wà nínú ìgbìmọ̀ ti ń wò mí láti ìsinsìnyí. Bí a bá kàn fi Ìmàle rọ́pò Fúlàní, ẹlẹ́ṣin ojú bíbò mìíràn la tún ṣẹ̀dá yẹn.

Ta ló sì ṣílẹ̀kùn? Àfọ̀njá ni, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ọmọ bíbí ilé wa. Òun ló pe Àlímì mọ́ra ní nǹkan bí 1817, òun ló ń gba àwọn ẹrú tó sá, torí ó fẹ́ fi wọ́n bá Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí padà sí i tí wọ́n sì pa á, Ṣólàgbérú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ Yorùbá bíi tirẹ̀, ń wò ó níran. Tóyèjẹ wa, Baálẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ tó di Kakaǹfò lẹ́yìn rẹ̀, kó ogun lọ gbẹ̀san ní Ògèlé. Ṣólàgbérú wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ogun náà kò ṣẹ́.

Èmi náà ní ẹlẹ́ṣin tèmi, kí ẹ má baà rò pé mo gun orí àga ìdájọ́. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ìròyìn ìjínigbé gbòde, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Tákíè lọ sí Ìlọrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin Fúlàní kan wọlé, ó jókòó tì mí. N kò mọ ìgbà tí mo gbé báàgì mi láti orí itan wá sí àyà. Obìnrin tó wà níwájú náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ náà rí i. Ó fà sẹ́yìn, ó fi ara mọ́ fèrèsé, ó sì fa ìwé jáde nínú àpò rẹ̀. Ìbéèrè JAMB ọdún tó kọjá ni. Títí a fi dé Ìlọrin ni ó ń fi pẹ́ńsù ṣiṣẹ́ lórí ìṣirò kan, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un ṣe. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ìṣirò rí ibi tó ti ṣì í. Kò sì ṣeé ṣe fún mi láti la ẹnu kí n sọ fún un. Báàgì ṣì wà láyà mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìparí eré, èyí tí ẹ fẹ́ yí padà. Ẹ rántí pé ìyá Fúlàní kan tó pọn ọmọ dé ojúde, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Fúlàní darandaran ti wà nílẹ̀ Ọ̀yọ́ kí ogun yìí tó dé, ogun ò sì mọ màlúù ta ló ń kó. Ìyáàfin kan láàárín wa dá a lábàá pé kí àwọn obìnrin méjèèjì dì mọ́ra, kí wọ́n sunkún, kí akọrin gbé orin. Ẹ jọ̀ọ́, n ò fẹ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú tòun ti irúgbá lẹ́nu kì í dì mọ́ ènìyàn níṣẹ́jú márùn-ún torí pé aṣọ ìtàgé ti fẹ́ wálẹ̀. Bí ọmọbìnrin wa bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo olùwòran á mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n á sì padà sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Ohun tí mo kọ nìyí, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyá Ìkòyí ò fèsì. Ó bu omi sínú igbá, ó gbé e sílẹ̀ ní àárín àwọn méjèèjì, ó wọlé lọ. Ìyá Fúlàní mu, ó fún ọmọ mu, ó gbé igbá sílẹ̀, ó lọ. Ìyá Ìkòyí jáde. Ó wo igbá náà pẹ́. Kò fọ̀ ọ́, kò fọ́ ọ, kò gbé e kọ́ sára ògiri. Ó dà á dé orí àmù tí gbogbo agbolé ń mu. Iná kú. Kò sí orin.

Ọmọbìnrin wa bi mí pé kí ni òun máa fi sọ́kàn nígbà tí òun bá ń wo igbá náà. Mo ní kó má fi nǹkan kan sọ́kàn, kó kàn ka ibi tí wọ́n ti rán igbá náà. Torí rírán ló wà lára rẹ̀: igbá tó gbé sá kúrò ní Ìkòyí ni, ó là lójú ọ̀nà, ó sì fi okùn rán an. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí Aláàfin Aólẹ̀ ń ṣépè fún Àfọ̀njá àti àwọn ìjòyè tó dìtẹ̀ mọ́ ọn, àwo ni wọ́n fọ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní igbá tó fọ́ ṣeé rán, àwo ò ṣeé rán, pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ò ní ṣeé dá padà. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ta kú pé igbá ni kó wà lọ́wọ́ Ìyá Ìkòyí, tí ẹ sì lọ gbé abọ́ ike aláwọ̀ búlúù fún un lọ́jọ́ Sátidé, tí orúkọ ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ṣì wà ní ìdí rẹ̀.

Kí àwọn olóyè sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì méjì; Ìran Kẹrin ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ dá irú padà, mo ní ẹni tó máa sè é lẹ́yìn ìtàgé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bá mi gbé ike yẹn kúrò. Mo ti ra igbá ní ọjà, mo fi ọ̀bẹ là á, ojú méje ni mo rán sí i, abẹ́rẹ́ gún mi níka lẹ́ẹ̀mejì. Mo bu omi sí i lánàá. Ó ṣì ń jò díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n n ó mú un wá lọ́jọ́ Sátidé.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì tó kọ eré náà,
Òkèlérìn, Ògbómọ̀ṣọ́.